Aṣọ Tó Bá Igi Mu: Bí Kòkòrò Ṣe Ń Fara Pamọ́

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fẹ́ wo ọgbọ́n tí àwọn kòkòrò fi ń fara pamọ́ fún àwọn tó ń pa wọ́n jẹ.

Ọ̀pọ̀ kòkòrò ni kò ní oró, tí kò sì lè yára sá. Ààbò wọn ni pé kí ọ̀tá má rí wọn. Òmíràn jọ ewé, òmíràn jọ igi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ṣé àwọ̀ ara nìkan tó láti dáàbò bo kòkòrò? Ẹ jẹ́ kí a fi àfòpiná kan tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Biston betularia ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Òru ni àfòpiná yìí ń fò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò bà sára igi, yóò na ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní mira títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Funfun ni, pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní, bí èèpo igi tó mọ́ ṣe rí níbẹ̀. Ẹyẹ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfura.

Ní 1848, wọ́n rí ọ̀kan tó dúdú kirikiri ní Manchester. Nígbà náà, èéfín èédú láti àwọn ilé iṣẹ́ ti sọ igi di dúdú. Aṣọ tó ń gba funfun là tẹ́lẹ̀ wá ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹyẹ ń ṣa funfun jẹ, dúdú ń ṣẹ́kù, ó ń bímọ, ọmọ rẹ̀ sì ń jọ ọ́. Nígbà tó fi di 1895, nínú 100 àfòpiná yìí ní Manchester, nǹkan bí 98 ló dúdú. Ẹ kíyè sí i pé kò sí àfòpiná kan tó pa àwọ̀ dà. Èyí tí ẹyẹ kò rí ló ṣẹ́kù.

Èéfín náà kò mọ sórí kòkòrò. Ní oṣù Kejìlá 1952, ó bo London fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ní 1956, ìjọba ṣe òfin tó dín èéfín kù. Bí igi ṣe ń mọ́, bẹ́ẹ̀ ni funfun ń pọ̀ padà. Láti 2001 sí 2007, Michael Majerus ti Yunifásítì Cambridge fi àfòpiná 4,864 sórí igi láti ṣọ́ wọn. Ó rí i pé dúdú ni ẹyẹ ń tètè rí jẹ níbẹ̀.

Ọmọ àfòpiná yìí, nígbà tó ṣì ń rákò, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yóò nà gbọnrangandan bí ẹ̀ka igi, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa yí díẹ̀díẹ̀ bá ẹ̀ka náà mu. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, wọ́n fi ọ̀dà dí ojú wọn, síbẹ̀ wọ́n mọ àwọ̀ ẹ̀ka tí wọ́n wà, nítorí pé awọ ara wọn náà ń rí ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló ń pa kòkòrò mọ́: àwọ̀ rẹ̀, ìdúró jẹ́ẹ́ rẹ̀, àti ibi tó ń gbé. Bí a bá ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́, a ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí dúdú fi pọ̀ ní Manchester?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọgbọ́n àfòpiná àti ti ọmọ rẹ̀?
3. Kòkòrò wo ní àdúgbò yín ló ń fara pamọ́, níbo ló sì máa ń bà?