Ẹ Má Tíì Pe Oní-Katapílà: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tí Omi Ń Dárogún sí Pápá Ẹran Rẹ̀

Bí òjò Ọ̀wàrà bá ti sọ pápá di ẹrọ̀fọ̀, tí ewé èèsún ń pupa rúsúrúsú, tí màlúù ń rì dé orúnkún, gọ́tà ló máa ń wá sọ́kàn olóko. Ẹ mú sùúrù. Ẹni tó gbẹ́ gọ́tà láìmọ ibi tí omi ti ń wá, owó ló rì mọ́lẹ̀. Oní-katapílà kò sì ní sọ fún yín, nítorí bí gọ́tà bá ṣe gùn tó lowó tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Kí òjò tó dá, ẹ gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò síbi tó tutù jù, kó jìn tó mítà 2. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ o. Ilẹ̀ olómi a máa ya lu ènìyàn lójijì. Òkè ni kí ẹ ti máa wò ó. Bí omi bá ń tú láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ara yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsun ni, gọ́tà jíjìn tó kàn án ló lè gbà á. Ní ọdún 1764, àgbẹ̀ kan nílẹ̀ England, Joseph Elkington, tí àgùntàn rẹ̀ ń kú lórí ilẹ̀ olómi, gbẹ́ gọ́tà títí, omi ò gbẹ. Ìgbà tó fi irin gún ìsàlẹ̀ gọ́tà náà ni omi tú yàà: gọ́tà rẹ̀ kò tíì dé ojú ìsun.

Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ kòtò bá gbẹ táútáú tí omi sì wà lójú ilẹ̀, amọ̀ ló dí i lọ́nà. Gọ́tà jíjìn kan ṣoṣo kò ràn án. Èyí tí kò jìn, tí wọ́n sún mọ́ra, ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá ri páìpù oníhò, òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ ni kí ẹ fi bò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún gọ́tà tí kò bò, tí omi inú rẹ̀ kò ṣàn. Ibẹ̀ ni ìṣáwùrú ń gbé, ara ìṣáwùrú ni aràn ẹ̀dọ̀ sì ti ń dàgbà kó tó lẹ̀ mọ́ koríko tí màlúù ń jẹ. Alápatà mọ̀ ọ́n dáadáa: ohun pẹlẹbẹ bí ewé, nínú iṣan òróòro. Ẹ sọgbà yí gọ́tà ká.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá aládùúgbò sọ ibi tí omi yóò gbà jáde. Ẹ má sì gbẹ gbogbo àkùrọ̀ tán, nítorí ibẹ̀ ni koríko tútù máa ń kù sí nígbà ọyẹ́.