Àròkọ Kẹtàlá: Èrò Mi Nípa Ṣíṣe Fíìmù Àfarawé

Àlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́

Àròkọ 'èrò mi' yàtọ̀ sí àròkọ aláríyànjiyàn. Nínú aríyànjiyàn, apá kan ni ìwọ yóò dì mú. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá dùn mọ́ ọ, tí ó sì tún ń kọ ọ́ lóminú, sọ méjèèjì láìfi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Kí o tó parí, jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí ọkàn rẹ tẹ̀ sí àti ìdí rẹ̀.

Ìlapa èrò

1. Ohun tí fíìmù àfarawé jẹ́
2. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀
3. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn
4. Ọ̀rọ̀ òfin àti owó
5. Ìpinnu mi

Àpẹẹrẹ àròkọ

Fíìmù àfarawé ni fíìmù tí ẹni tí kò fi fíìmù ṣíṣe jẹun ṣe láti inú ìtàn olókìkí tí ó fẹ́ràn. Kì í ṣe òun ni ó ni ìtàn náà. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti ń fi fóònù ṣe irú rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà púpọ̀, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ tán nígbà tí a bá parí ọ̀kan.

Ní àkọ́kọ́, n kò mọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó dára tó o fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń wo fíìmù ọ̀gá. A óò dá a dúró, a óò wo ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí tiwa kò bá jọ ọ́, a mọ̀ pé ó kù síbì kan.

Ní 1982, àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfarawé Raiders of the Lost Ark, fíìmù tí Steven Spielberg darí, tí ó jáde ní 1981. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n ń dàgbà níwájú kámẹ́rà. Níbi tí fíìmù àkọ́kọ́ ti lo ọ̀bọ, ajá ni wọ́n lò. Ìran ọkọ̀ òfuurufú kan ṣòro fún wọn. Ó di 2014, nígbà tí wọ́n ti di àgbà, kí wọ́n tó yà á. Spielberg fúnra rẹ̀ wo iṣẹ́ wọn, ó sì kọ lẹ́tà ìyìn sí wọn. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn ọmọ Ìkòròdú tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois fi ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé ìpolówó fíìmù Extraction ní 2020. Ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Netflix fi ohun èlò iṣẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n ìyìn tí a ń gbà gan-an ni ó ń kọ mí lóminú. Àwọn ènìyàn a ní, 'Ó jọ ọ́ púpọ̀!' Inú mi a dùn. Lẹ́yìn náà n óò bi ara mi pé, ta ni wọ́n yìn? Ìtàn kì í ṣe tèmi. Bí akọni inú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kò jọ bí ẹnikẹ́ni ti ń sọ̀rọ̀ ní àdúgbò wa. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu.

Pẹ̀lúpẹ̀lú, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni a kọ́lé sí. Onílẹ̀ lè mójú kúrò, ó sì lè lé ni. Àwọn olólùfẹ́ Star Trek kan dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là jọ láti ṣe fíìmù tí a ń pè ní Axanar. Ní oṣù Kejìlá 2015, Paramount àti CBS pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni wọ́n tó parí ìjà. Kí ìyẹn tó parí, ní 2016, àwọn tí ó ni ìtàn náà gbé ìlànà jáde: ìtàn kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ, tàbí apá méjì tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, owó tí a bá dá kò gbọdọ̀ ju 50,000 dọ́là lọ, a kò sì gbọdọ̀ sanwó fún òṣèré. N kò lè bá wọn wí. Bí ẹnìkan bá fi ìtàn tí mo fi òógùn ṣe pawó, èmi náà yóò bínú.

Ní ìparí, n kò kábàámọ̀ ọdún méjì náà. Ohun tí ọwọ́ mi ti kọ́, tèmi ni, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á. Ìtàn nìkan ni mo ní láti dá padà fún olówó rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó bá gba ìyọ̀ǹda a máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Fíìmù wa tí ó kàn yóò dá lórí ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ìkóríta wa, tí ń dáná kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí fíìmù ọ̀gá tí n óò dá dúró wò ní ti ìyẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ṣùgbọ́n ó yá mi lára láti bẹ̀rẹ̀.

Àkíyèsí

(a) Òwe kan ṣoṣo ni a lò, níbi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ mu. Má ṣe to òwe jọ bí igi ìdáná.
(b) Ọdún àti iye ni ó gbe ẹ̀rí náà ró. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, má kọ ọ́.
(d) Ìpínrọ̀ ìkẹyìn kò tún ohun tí ó ṣáájú sọ. Ìpinnu ni ó ṣe.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kọ àròkọ tí kò dín ní 300 ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (i) Èrò mi nípa kíkọ orin olórin, (ii) Èrò mi nípa wíwọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá.