Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Ẹṣin àti Alágbẹ̀dẹ Rẹ̀

Àfojúsùn: Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ẹ ó sì lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe *fi* láti sọ ohun èlò tí a lò.

A. Ọ̀rọ̀ tuntun

pátákò: ohun líle tó bo ẹsẹ̀ ẹṣin, màlúù tàbí ewúrẹ́
ìṣó: irin ṣóńṣó tí a fi ń kan nǹkan mọ́ nǹkan
ẹ̀mú: irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń di nǹkan mú tàbí tí a fi ń gé e
owú: irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin lé láti lù ú
tiro: kí èèyàn tàbí ẹran máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn

B. Kíkà

Ní Dublin, ẹṣin kò tíì kúrò ní ìgboro. Ó ń fa kẹ̀kẹ́ àwọn àlejò ní ẹ̀gbẹ́ St Stephen's Green. Ìfihàn ẹṣin ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1864 ṣì ń wáyé ní Ballsbridge. Ọjà ẹṣin Smithfield náà wà, èyí tí òfin ìlú ti dín kù sí ọjọ́ Àìkú méjì lọ́dún, ọ̀kan nínú oṣù Kẹta, èkejì nínú oṣù Kẹsàn-án. Ní àdúgbò bíi Finglas àti Ballyfermot, àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn kì í ṣe olówó ń sin ẹṣin tiwọn.

Ohun kan náà tí èékánná wa jẹ́ ni pátákò jẹ́. Ó ń hù tó mìlímítà 6 sí 10 lóṣù. Ẹṣin tí a so mọ́ ojú kan kì í rìn tó, nítorí náà pátákò rẹ̀ ń gùn jù. Ti ẹṣin tó ń rìn lórí títì ọlọ́dà ń tètè jẹ, ìdí nìyí tí a fi ń wọ bàtà irin fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 síra wọn, alágbẹ̀dẹ ẹṣin á gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Inú ọkọ̀ náà ni àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà: ààrò onígáàsì, owú àti òòlù. Á kọ́kọ́ wo bí ẹṣin ṣe ń rìn. Á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sáàárín orúnkún, á fi ẹ̀mú fa bàtà tó ti jẹ yọ. Á fi ọ̀bẹ ha ìdọ̀tí kúrò, á fi ẹ̀mú gé etí pátákò, á sì fi fáìlì ńlá fá a kí ó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, á fi iná mú bàtà tuntun gbóná, á lù ú lórí owú títí yóò fi bá ẹsẹ̀ mu. Nígbà tó bá gbé irin gbígbóná náà lé pátákò, èéfín á sọ, ṣùgbọ́n kò ní dun ẹṣin, nítorí ìta pátákò kì í mọ ìrora. Ìta yìí nìkan ni ìṣó gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá ṣìnà wọ inú ẹran, ẹṣin á máa tiro.

Bí a kò bá pe alágbẹ̀dẹ, pátákò á là, àrùn á sì wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Owó ni ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ náà. Láti ọdún 1996, òfin tí wọ́n ń pè ní Control of Horses Act ti fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin ní àwọn àdúgbò kan, kí wọ́n sì kó ẹṣin tó bá ń rìn gbéregbère. Wọ́n lè pa ẹṣin tí wọ́n bá kó. Ẹni tó fara mọ́ òfin náà lè sọ pé ó ń gba ẹṣin lọ́wọ́ ìyà. Ọ̀dọ́ tó ni ẹṣin lè sọ pé ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tòun ni wọ́n gbà. Ọ̀nà mìíràn ni Cherry Orchard Equine Centre ní Ballyfermot gbà: wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹṣin.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ẹṣin ni agbára ogun, Olókùn Ẹṣin sì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin Aláàfin. Àmọ́ ẹṣin ilẹ̀ wa kì í sábàá wọ bàtà irin. Ìdí nìyí tí èdè wa fi ní *gàárì* àti *ìjánu*, tí kò sì ní orúkọ kan ṣoṣo fún oníṣẹ́ yìí. *Alágbẹ̀dẹ ẹṣin* ni a ó máa pè é.

D. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì

Ọmọ: Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ẹṣin fún mi.
Ìyá: Ẹṣin kẹ̀? Ta ni yóò máa sanwó alágbẹ̀dẹ?
Ọmọ: Mo lè fi owó iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé mi san án, mà.
Ìyá: Kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ṣe é fún oṣù mẹ́ta tí kò sú ọ, a ó jọ sọ ọ́.

E. Gírámà: *fi*

Ohun èlò ló ń tẹ̀lé *fi*; iṣẹ́ tí a ṣe ló ń gbẹ̀yìn: *Ó fi ọ̀bẹ ha pátákò.* Bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ohun èlò, a ó gbé e síwájú: *Ọ̀bẹ ni ó fi ha pátákò.*

Ẹ. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí irin gbígbóná kì í fi í dun ẹṣin?
2. Ẹ tẹnu mọ́ ohun èlò: *Ó fi ẹ̀mú gé pátákò. Ọmọ náà fi owó rẹ̀ san án.*
3. Ẹ fi gbólóhùn mẹ́fà ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ẹ mọ̀. Ẹ lo *fi* ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán.
4. Ẹ jiyàn ní méjì-méjì: ṣé ó tọ́ kí ìjọba gba ẹṣin lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí kò lówó alágbẹ̀dẹ?