Sìmẹ́ńtì àti Afẹ́fẹ́ Tí Ń Bẹ Nínú Òkúta

Ohun tí àwa fẹ́ yẹ̀wò ní oṣù yìí ni sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sí òfurufú, èyí tí ó bo ayé bí aṣọ ìbora tí kò sì jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde, bí 7 tàbí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ọ̀dọ̀ sìmẹ́ńtì wá.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹlòmíràn yóò wí pé iná ìléru ni. Lóòótọ́, ìgbóná ìléru náà tó ìwọ̀n 1450 ti Celsius, ó sì ń jẹ epo àti èédú púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú kábọ́nì náà ń ti inú òkúta fúnra rẹ̀ jáde. Bí a bá sun kìlógíráàmù 100 òkúta ẹfun tí kò ní àdàlù, 56 péré ni a ó bá nínú ìléru. 44 yòókù ti di afẹ́fẹ́, ó ti lọ. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn ọmọ gún èèpo ẹyin kúnná, kí ó sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò máa hó nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀dá kan ni èèpo ẹyin àti òkúta ẹfun. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ rí iná tí kò ní èéfín rárá, a kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì fi ń wá ọ̀nà láti dín òkúta sísun kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karen Scrivener ní Lausanne, ní ilẹ̀ Switzerland, àti Fernando Martirena ti Yunifásítì Las Villas ní Kúbà, yíjú sí amọ̀. Bí a bá sun amọ̀ ní bí ìwọ̀n 800, omi ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde, kì í ṣe kábọ́nì. Kíyèsí ìpín rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún: òkúta sísun 50, amọ̀ sísun 30, òkúta ẹfun tí a lọ̀ láìsun 15, jípsọ́ọ̀mù 5. Kábọ́nì rẹ̀ fi bí 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti sìmẹ́ńtì tí a mọ̀. Ní 2013 ni a dán an wò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ní Kúbà. Nítòsí wa, ilé iṣẹ́ tí ń sun amọ̀ fún sìmẹ́ńtì ti wà ní Tema, ní Ghana.

Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ni ó yẹ fún un: kaolin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Amọ̀ tí ó ní irin nínú a sì máa pọ́n bí iná bá kàn án, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àmọ̀kòkò ti mọ̀. Bíríkìlà tí ojú rẹ̀ ti mọ́ sìmẹ́ńtì aláwọ̀ eérú yóò wí pé yẹ̀pẹ̀ ni a pò mọ́ ọn. Ní ojú tiwa, ìfura yìí yóò le í ṣẹ́gun ju iṣẹ́ ìléru lọ, kò sì yẹ kí a fi í ṣẹ̀sín, nítorí ilé tí ó wó ti pa ènìyàn púpọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ni a fi ń mọ agbára. A ó dà á sínú àpótí kékeré, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí a lè mọ ẹrù tí ó lè rù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, sìmẹ́ńtì amọ̀ yìí a máa rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bí kaolin rẹ̀ bá tó, láti bí ọjọ́ 7 ni wọ́n ti ń dọ́gba.