Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ní Wárápá Dá Sùn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí wárápá bá ti ń mú ẹnì kan, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń wá fún un. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ wárápá kì í ràn: itọ́ kì í gbé e, abọ́ ìjẹun kì í gbé e. Yàrá ọ̀tọ̀ yẹn gan-an ló lè ṣokùnfà ikú rẹ̀.

Ikú òjijì kan wà tó máa ń pa ẹni tó ní wárápá láìjẹ́ pé ó ṣubú sínú omi tàbí iná. Òru ló sábà máa ń wá. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á bá a ní ìdojúbolẹ̀ lórí ibùsùn, ará ilé á ní ọwọ́ ayé ni. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí ni pé lẹ́yìn tí wárápá ńlá bá ti gbọ̀n ọ́n tán, èémí rẹ̀ lè dá, kí ọkàn náà sì dúró. Nínú 1,000 àgbàlagbà tó ní wárápá, bí ẹnì kan ló ń kú báyìí lọ́dọọdún, ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn tí oògùn kò ràn. Bẹ́ẹ̀ ni Cameron Boyce, òṣèré ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ ní ọmọ 20 ọdún ní oṣù Keje ọdún 2019. Ẹni tí ewu yìí sún mọ́ jù ni ẹni tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, pàápàá lójú oorun.

Nítorí náà, kí ẹnì kan máa bá a sùn. Bó bá mú un, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ ìtọ̀ màlúù fún un. Ẹ wo aago. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ilé ìwòsàn yá. Bí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì tíì padà lọ sùn. Ibí yìí lọ̀pọ̀ wa ti ń kù díẹ̀ káàtó: a ó ní ó ti lọ, a ó pa iná. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, títí yóò fi dá yín lóhùn. Bí àyà náà kò bá mira mọ́, ẹ dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, kí ẹlòmíràn wá mọ́tò.

Ẹ má dá oògùn dúró lójijì, wòlíì ì báà ní ó ti sàn. Bí oògùn méjì tí ẹ lò bó ṣe yẹ kò bá kápá rẹ̀, ẹ ní kí dókítà yín kọ̀wé yín sí dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín bi í léèrè nípa ikú òjijì yìí, torí òun náà lè máa rò pé ẹ̀rù á bà yín.