Orí Kẹsàn-án: Ọkọ̀ Ilẹ̀ Pàdé Ọkọ̀ Omi

Ní Èkó, kí aago méje ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀ tàbí ó kù díẹ̀ kó wọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn nígbà tí ẹnìkan bá wá bá mi pé àwọn èèyàn òun ń bọ̀ láti òkè òkun, pé láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni wọ́n fẹ́ kọrí sí Ilashe tàbí Tarkwa Bay tààrà, kí n bá wọn wá ọkọ̀. Owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi á ní ká fi ti owó sílẹ̀ ná: aago mélòó ni ọkọ̀ òfurufú wọn máa balẹ̀?

Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí lè máa rò ó pé ọkọ̀ kan náà ló máa gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Rárá o. Ilashe wà lórí ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìwọ̀ oòrùn ẹnu òkun Èkó. Òkun ńlá wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà tó lọ sí Badagry wà lẹ́yìn rẹ̀. Tarkwa Bay wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ ẹrù ńlá ń gbà wọ Apápá. Kò sí afárá tó lọ láti Èkó sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìrìn àjò náà wá pín sí méjì: ọkọ̀ ilẹ̀ láti Ìkẹjà dé èbúté, ọkọ̀ omi láti èbúté dé orí iyanrìn.

Ọwọ́ ọmọ èèyàn ló ṣe Tarkwa Bay, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Láyé àtijọ́, òkìtì yanrìn abẹ́ omi kan dí ẹnu òkun Èkó, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè wọlé. Òde lójú òkun ni wọ́n ń dúró sí, èrò á bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kó tó lè gúnlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba àwọn òyìnbó to òkúta bí ògiri wọnú òkun ní ọ̀tún àti lósì, kí omi lè gbá yanrìn yẹn lọ. Ẹ̀yìn ògiri òkúta tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ni Tarkwa Bay fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi ń rọ̀ wọ̀ọ̀ nígbà tí òkun ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni òkun wa ń kó yanrìn lọ. Ògiri náà dá yanrìn dúró sí ìhà kan, ebi yanrìn sì ń pa ìhà kejì. Bar Beach ní ìhà kejì yẹn, níbi tí àwọn òbí wa máa ń lọ jó ní Ọdún Àjíǹde, òkun jẹ ẹ́ títí ó fi ń ya wọ títì, kó tó di pé wọ́n kó òkúta àti yanrìn dí i, tí ìlú tuntun Eko Atlantic sì wà lórí ẹ̀ báyìí. Mo ti yà bàrá. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ ni "ṣátà". Bí ẹ bá ṣátà ọkọ̀, odidi ọkọ̀ lẹ gbà, kò ní í gbé ẹlòmíràn mọ́ yín. Iye kan náà lẹ máa san, ẹ̀ báà jẹ́ ẹni méjì, ẹ̀ báà jẹ́ ẹni mẹ́fà. Fún ọkọ̀ ilẹ̀, Sìẹ́nà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Sìẹ́nà gba èèyàn méje lóòótọ́, àmọ́ èèyàn méje tó gbé ọwọ́ lásán wá ni. Ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀, àpótí ńlá méjì ló sábà máa ń wọ́ bọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, àpótí mẹ́jọ nìyẹn, a ní láti ká àga ẹ̀yìn sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pe dẹ́rẹ́bà, ẹ ka orí, ẹ sì ka ẹrù. Ọlọ́kọ̀ omi náà fẹ́ gbọ́ iye ẹrù, torí ohun tó bá wúwo jù ń tẹ ọkọ̀ rì sísàlẹ̀.

Wàyí o, ìṣírò. Ẹ mú bírò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ká ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ fẹ́ kí gbogbo yín ti gúnlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ọkọ̀ omi lè gba ìṣẹ́jú 45 dé Ilashe, ó dá lórí ẹ́ńjìnnì àti bí omi bá ṣe rí. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 nìyẹn ní èbúté. Ẹ yọ ìdajì wákàtí fún kíkó ẹrù, wíwọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti àríyànjiyàn, torí kò lè ṣe kó má sí àríyànjiyàn. Aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú 15. Ẹ yọ wákàtí méjì fún ọ̀nà láti Ìkẹjà, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí gósílò bá ká yín mọ́ orí Third Mainland, afárá kìlómítà 11.8 tí wọ́n ṣí ní 1990, tí kò ní ibi téèyàn lè yà sí lójú omi. Aago mẹ́ta kù ìṣẹ́jú 15. Ẹ yọ wákàtí méjì mìíràn fún ìwé ìrìnnà àti ìdúró de àpótí. Ó di aago kan kù ìṣẹ́jú 15 ọ̀sán. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé: bí ọkọ̀ òfurufú yín bá máa balẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, ẹ sùn sí Èkó, kí ẹ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Owó yàrá alẹ́ ọjọ́ kan kò tó ohun téèyàn ń fi ìpayà san.

Èmi náà kò mọ ìṣírò yìí nígbà kan. Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti London, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n balẹ̀. Ajẹ́ńtì kan ló bá wa ṣètò méjèèjì, ó ní ká san owó gbogbo ẹ̀ sínú àkáǹtì òun. A san án. Sìẹ́nà dé, dẹ́rẹ́bà náà dáa, ẹ̀fẹ̀ ló ń bá àwọn ọmọ ṣe títí a fi dé títì Ozumba Mbadiwe, níbi tí èbúté wà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní jẹ́tì, ó kù ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́fà lù. Kápténì wo ẹrù wa, ó wo ojú wa, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, màmá. Ta ló máa sanwó ọkọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A ti san án."

"Tọkọ̀ ilẹ̀ lẹ san, màmá. Àlọ́ọ̀tì kankan ò wọlé sí fóònù tèmi."

Mo pe ajẹ́ńtì. Wọ́n ti pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpótí rẹ̀, ọmọ kékeré sùn lé e léjìká, ó ń wò mí bí ẹni tó ra ẹja jíjẹrà lọ́wọ́ àbúrò ara rẹ̀. A tún owó san. Ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ ká tó ṣí. Níwájú Apápá, ẹ́ńjìnnì dédé dákẹ́. Pàǹtí ọ̀rá ti wé mọ́ abẹ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kápténì gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń fi eyín mú tọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ẹrù kan tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá sì ń rọra bọ̀ lẹ́yìn wa. Bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò ṣe mí bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo wá mọ̀ pé ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú irú ìrìn àjò yìí kì í ṣe ojú títì, kì í sì í ṣe ojú omi. Orí jẹ́tì ni, níbi tí iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp nísinsìnyí, ẹ lè dà á kọ:

"Ẹ káàsán sà. Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kejìlá. Àgbà méjì, ọmọ méjì, ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún méje. Àpótí ńlá mẹ́fà. Ọkọ̀ òfurufú máa balẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Èló ni ọkọ̀ ilẹ̀, èló ni ọkọ̀ omi, èló ni owó jẹ́tì? Ta ló máa fún kápténì lówó, ṣé ẹ̀yin ni àbí èmi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà kápténì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọkọ̀ òfurufú bá pẹ́, wákàtí mélòó ni dẹ́rẹ́bà máa dúró kí owó tó gorí owó? Ṣé ẹ ní jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé méjì?"

Bí ó bá dáhùn pé, "Kò sí wàhálà màmá, gbogbo ẹ̀ ti sẹ́ẹ̀tì," ẹ tún ìbéèrè náà fi ránṣẹ́. "Kò sí wàhálà" kì í ṣe iye owó, kì í sì í ṣe nọ́ńbà fóònù. Bí nọ́ńbà kápténì bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ pè é ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó mọ ọjọ́, ó mọ aago, ó sì mọ ẹni tó máa san òun. Ní tèmi, ìdajì ni mo ń san sílẹ̀. Ìdajì tó kù, tí ẹsẹ̀ bá ti kan iyanrìn.

Ẹ gba nọ́ńbà àwo ọkọ̀ Sìẹ́nà náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí àlejò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú, torí fóònù òkè òkun lè má ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá balẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn kò mọ̀ rí ló máa kí wọn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá ku ọkọ̀ omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbà ló máa gbé yín, ọkọ̀ ike líle tó ń sáré. Ẹ béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì méjì ni. Bí ọ̀kan bá kú láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá Apápá, èkejì á gbé yín kúrò lọ́nà wọn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Ti àgbàlagbà kò lè gba ọmọdé là. Bí ọmọ bá já sómi, jákẹ́ẹ̀tì náà á yọ lọ́rùn rẹ̀, á máa léfòó lọ láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà lórí jẹ́tì, ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, ẹ wá dì í mú níbi èjìká méjèèjì kí ẹ gbé e sókè. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá gòkè dé etí, ó tóbi jù.

LASWA, àjọ ọ̀nà omi tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008, àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀, àwọn méjèèjì ló ti kìlọ̀ láìmọye ìgbà pé kí ọkọ̀ èrò má rìn lálẹ́. Àwọn kápténì kan máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rín, wọ́n á ní ọ̀nà náà ti mọ́ àwọn lára. Ọ̀nà lè mọ́ wọn lára, igi tó ń léfòó kò mọ̀ wọ́n. Àwọ̀n àwọn apẹja tún wà níbẹ̀, àti koríko orí omi tó gba ọ̀sà Badagry wọlé wá láti Orílẹ̀-èdè Benin ní 1984. Ojúoró tí a fi ń ṣàdúrà kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko yìí. Á bo ojú omi bíi pápá bọ́ọ̀lù, á sì wé mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Iwájú fáíbà ló ń fò jù bí ìgbì bá dé. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn, aláboyún, ọmọdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn. Omi lè ta sí wọn níbẹ̀, èéfín epo náà sì wà, àmọ́ egungun á sinmi. Fóònù àti ìwé ìrìnnà, inú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu dáadáa. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá, kápténì tó mọṣẹ́ á dín eré kù, á fi ẹ̀gbẹ́ imú ọkọ̀ gé ìgbì náà. Ẹ má dìde dúró wo nǹkan.

Ní Ilashe, ẹ̀yìn ilé lójú ọ̀sà lẹ máa gúnlẹ̀ sí, kì í ṣe ojú òkun. Ìgbì òkun á yí fáíbà dànù. Jẹ́tì onígi ni púpọ̀ nínú wọn. Láti ibẹ̀, ẹ máa rin orí iyanrìn já sí òkun, kẹ̀kẹ́ àpótí kò sì lè yí lórí iyanrìn, nítorí náà ẹ wá ẹni tó máa fi orí rù ú.

Kí kápténì tó yí ọkọ̀ padà, ẹ bá a dá ọjọ́ àti aago tó máa wá gbé yín, kó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ lójú yín. Ìbínú kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà, orí jẹ́tì onígi ẹ̀yìn ilé la wà láti aago méje, àwa àti àpótí mẹ́jọ, tí a ń juwọ́ sí gbogbo fáíbà tó ń kọjá, àwọn tó wà nínú wọn náà sì ń juwọ́ sí wa padà, wọ́n rò pé a kàn ń kí wọn ni.