Ọwọ́ Alùpùpù Tí Ó Bá Ara Mu: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Fi Ọ̀kadà Ṣòwò

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ alùpùpù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hándù. Púpọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ó ń fi alùpùpù kó gàárì, pupuru, epo pupa àti ẹ̀gẹ́ láti Ode-Aye, Igbotako àti Ilutitun wá sí Òkìtìpupa. Ohun kan náà ni a sì ń gbọ́ lẹ́nu wọn: ọrùn ọwọ́ ń ro wọ́n, èjìká ń dùn wọ́n, àtẹ́lẹwọ́ ń kú tipiri kí ọjọ́ tó kanrí. Àwọn kan ti ń pààrọ̀ hándù nítorí èyí. Ohun tó dára ni, bí a bá ṣe é bó ti yẹ. Bí a kò bá ṣe é bó ti yẹ, ẹni tó ń wá ìrọ̀rùn lè bá ara rẹ̀ nínú kòtò.

1. OHUN TÍ Ń FA ÌRORA

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù kò mọ gígùn apá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní àwọn ọdún 1970, Honda, Yamaha, Suzuki àti Vespa ni ó wọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa; lónìí, Bajaj àti TVS láti ilẹ̀ Íńdíà ni a ń rí káàkiri. Hándù kan náà ni wọ́n fi ń ta ọkọ̀ kan fún ẹni gíga àti ẹni kúkúrú.

Bí hándù bá rẹlẹ̀ jù tàbí tó jìnnà jù, ẹni tó ń gun ọkọ̀ yóò tẹ̀ síwájú, ìwúwo ara rẹ̀ á sì bọ́ sórí ọwọ́. Ìdí nìyí tí àtẹ́lẹwọ́ fi ń kú. Bí ó bá ga jù, apá á nà sókè, èjìká á rẹ̀ ẹ́, gbogbo ìwúwo á sì bọ́ sí ìdí àti eegun ẹ̀yìn. Bí ó bá fẹ̀ jù, apá á ya, ọkọ̀ kò sì ní gba àárín èrò kọjá lọ́jọ́ ọjà. Bí ó bá há jù, yíyí rẹ̀ á le.

Àwọn tí ń ṣe alùpùpù pàápàá mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń sọ irú hándù tó yẹ. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Triumph ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi hándù gíga tó fẹ̀ sí ọkọ̀ Bonneville tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà, á sì fi èyí tó rẹlẹ̀ jù ú lọ sí ti ọjà ilé. Ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń pàdé ní Ace Cafe ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi hándù tó wólẹ̀ pátápátá sí tiwọn, kí wọ́n lè dọ̀bálẹ̀ lórí táńkì, kí atẹ́gùn má dá wọn dúró. Eré sísá ni tiwọn. Tiwa kì í ṣe eré: ẹrù àti èrò ni, lórí ọ̀dà tó ti ya àti ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀ lásìkò òjò.

Ẹ má sì gbàgbé ẹrù ẹ̀yìn. Àpò gàárì tí a so sẹ́yìn ń mú kí táyà iwájú fúyẹ́. Hándù tó ga tó sì sún mọ́ àyà jù á tún fa ara wa sẹ́yìn. Iwájú ọkọ̀ á wá fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ, kò sì ní gbọ́ràn mọ́ ní kọ́nà.

2. Ẹ KỌ́KỌ́ YÍ ÈYÍ TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ẹ má wulẹ̀ sáré lọ ra tuntun. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó nígbà tí ẹrù wà lẹ́yìn. Ẹ di ojú, ẹ na ọwọ́ síwájú láìfipá, kí ẹ wá la ojú. Ibi tí ọwọ́ yín bá wà, ibẹ̀ ló yẹ kí hándù wà. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ ká díẹ̀, ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ tọ́, èjìká kò sì gbọdọ̀ gbé sókè.

Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, bóòtù mẹ́rin ló di hándù mú. Bí mẹkáníìkì bá dẹ̀ wọ́n, ó lè yí hándù síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Kí ó tún yí ọwọ́ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì, kí ìka tó bá wà lórí wọn lè wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú apá. Àtúnṣe yìí nìkan ti tó fún ẹlòmíràn, kò sì ní ra nǹkan kan.

3. BÍ A BÁ FẸ́ RA TUNTUN

Bí ìrora bá ṣì wà, kí ẹnìkejì fi téèpù wọn ibi tí ọwọ́ yín wà àti ibi tí hándù wà: sẹ̀ǹtímítà mélòó ló yẹ kó fi ga sí i, mélòó ló yẹ kó fi sún mọ́ yín. Sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ mú hándù àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì. Ọ̀pá tí ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké ń lò nípọn tó mílímítà 22 níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Èyí tó bá tínrín jù kò ní dúró, kódà bí a bá fún bóòtù títí.

4. KÉBÙ NI Ọ̀RỌ̀ WÀ

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù rèé. Hándù kì í dá rìn. Kébù kílọ́ọ̀ṣì, kébù bíréèkì iwájú, kébù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, àti wáyà iná, gbogbo wọn ló so mọ́ ọn. Bí hándù bá ga sí i, kébù àtijọ́ lè kúrú. Bí bíréèkì iwájú bá jẹ́ olómi, rọ́bà rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó.

Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò níwájú mẹkáníìkì:

(a) Ẹ yí hándù dé òpin lápá òsì, kí ẹ yí i dé òpin lápá ọ̀tún. Kébù kankan kò gbọdọ̀ fà, hándù kò gbọdọ̀ kan táńkì, ọwọ́ yín kò sì gbọdọ̀ há sáàárín.

(b) Ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì lórí sítáńdì, kí ẹ tún yí i sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ́ńjìnnì bá dá pariwo sókè fúnra rẹ̀, kébù epo ti ń fà nìyẹn. Ẹ ro ohun tó túmọ̀ sí: ẹ fẹ́ yà wọ ọjà jẹ́jẹ́, ọkọ̀ dá sáré sáàárín àwọn ìyálọ́jà.

(d) Ẹ tẹ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jọ̀wọ́ wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà sáyè wọn wéré.

(e) Kí wọ́n fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ padà lọ yẹ̀ wọ́n wò.

5. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó irin mọ́ hándù àtijọ́ kó lè ga. Ojú ibi tí wọ́n jó lè ṣẹ́ lójijì, láìkìlọ̀. Ẹ má fi páìpù omi ṣe hándù. Èyí tó ti tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣubú, ẹ má tún un nà. Ẹ jù ú nù.

6. Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ara ọlọ́kadà ni olú-òwò rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá dá a dúró nílé, ọkọ̀ náà dúró, ẹ̀yáwó tó fi rà á kò sì dúró dè é. Nítorí náà, owó tí a ná sórí hándù kì í ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka owó hándù nìkan, tó gbàgbé kébù, rọ́bà bíréèkì àti owó iṣẹ́, yóò dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì, tàbí kó máa gun ọkọ̀ tí kébù rẹ̀ ń fà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ tó tọ ẹgbẹ́ wá fún ẹ̀yáwó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló ń mú kí àtẹ́lẹwọ́ kú lórí alùpùpù?
2. Kí nìdí tí hándù gíga àti ẹrù ẹ̀yìn kò fi bá ara wọn rẹ́?
3. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé kébù epo ti kúrú?
4. Ọ̀nà mélòó ni owó pín sí nígbà tí a bá ń pààrọ̀ hándù?

Ẹni tó bá ní alùpùpù nítòsí, kí ó gbé e wá sípàdé, kí a jọ fojú ara wa rí i.